Ó ti yanjú: kọ̀ǹpútà ilé mi ti ń jí láti òkèèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi ni pé kọ̀ǹpútà tí mo pa sílé ń jí (ó ń tan fúnra rẹ̀, ìyẹn Wake-on-LAN) tí mo bá ránṣẹ́ sí i nínú ilé, àmọ́ kì í dáhùn tí mo bá wà níta. Ráútà ló wà nídìí ẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá ti kú fúngbà díẹ̀, ráútà á gbàgbé MAC address (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó bá IP rẹ̀ (àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mu, kò sì ní mọ ibi tó máa gbé iṣẹ́ tó ti òde wá lọ. Mo wá so Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan mọ́ ráútà náà, èyí tí mi ò ń pa rárá. VPN (ọ̀nà tó ní ààbò láti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé láti òkèèrè) ni mo ń gbà wọ inú rẹ̀, òun ló ń ju magic packet (iṣẹ́ tó ń jí kọ̀ǹpútà) káàkiri nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé: báìtì FF mẹ́fà, lẹ́yìn náà MAC address kọ̀ǹpútà náà ní ìgbà 16.

Tí iná kékeré ibi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú lẹ́yìn tí ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ lọ pa ErP (ètò tó ń dín iná tí kọ̀ǹpútà ń fà kù nígbà tó bá kú) nínú BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí pọ́ọ̀tì 9 (ẹnu ọ̀nà tí magic packet sábà máa ń gbà) lórí ráútà sí gbangba íńtánẹ́ẹ̀tì o.