Họ́mùwọ̀ọ̀kì ọmọ ti di tèmi o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkòròdù:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ó ti kún mi níkùn ni.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àgbà wà ní JSS 1, èkejì wà ní Primary 3, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Primary 1. Áílàǹdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago márùn-ún la máa ń ṣíwọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá pọ̀ lórí Third Mainland tí Mile 12 náà ò dì, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo máa tó délé. Kí n tó bọ́ bàtà, báàgì mẹ́ta ti ṣí sílẹ̀ dè mí lórí tábìlì. Ti ẹni Primary 3 yìí ló ń pa mí jù, ìṣirò mẹ́wàá, Quantitative mẹ́wàá, Verbal mẹ́wàá, kó tún da ojú ewé kan kọ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, ọmọ ọdún mẹ́jọ!

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Èmi ni mò ń kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ọmọ bá ti ń tòògbé, mi ò lè máa wò ó kó lọ jẹgba láàárọ̀, ni mo bá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́ kó lè jọ ọwọ́ ọmọdé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Antí wọn máàkì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ gbà, ló wá fi bíró pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Well done, Mummy". Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ni ti Túsìdeè. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń ṣe é. Wọ́n ní kó pín 84 sọ́nà 6. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, ó kàn ń sọ pé "Mummy, kì í ṣe báyẹn ni Antí ṣe é." Ẹ̀ẹ̀kẹta tó sọ ọ́ ni mo fọ́ ọ létí. Omijé ẹ̀ já sórí 84 yẹn gan-an, ìwé rọ̀, mo fi írésà pa á, ló bá ya. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ihò inú ìwé. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè ọmọ ti sùn lọ, pẹ́ńsù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá wọn ní òun ló ń san owó sùkúù, kí èmi mójú tó èyí tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gba tísà lẹ́sìnnì ni, àbí kí n lọ bá sùkúù, àbí kí n kúkú jẹ́ kó máa lọ láìṣe é?

Aláṣọ Balógun:
Hahaha ọwọ́ òsì! Ìyá wa, ẹ pa mí o. Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n ọgbọ́n yẹn. Ẹ tiẹ̀ rí tiyín tó ń tètè sọ. Tèmi ti gbàdúrà, ó ti bora, mo ti paná, ló bá dìde jókòó: "Mummy, wọ́n ní ká mú káádíbọ́ọ̀dù, gọ́ọ̀mù àti ìgbálẹ̀ tá a fọwọ́ ara wa ṣe wá lọ́la." Aago mẹ́wàá ti kọjá! Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá tó ń tàwé ládùúgbò wa tòun ti aṣọ ìwọ̀sùn. Ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbálẹ̀ ni mo tú, mo gé e kúrú, mo tún un dì, mo fi ríbọ́ọ̀nù orí ẹ̀ so ó. A gba 9 nínú 10. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan o, mo kàn ní kí n bá yín kẹ́dùn ni.

Bàbá Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin ìyá òde òní lẹ ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Àtùpà la fi kàwé, a pọnmi, a ṣẹ́gi, a sì ṣe iṣẹ́ tí tísà fún wa. Ta ló bá wa ṣe é? Ìyá tó bí mi ò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá ìdábùú. Ẹ jẹ́ kó lọ jẹgba lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ̀ á là.

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Bàbá wa, ẹ kú àgbà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti fẹnu ara yín dáhùn ẹ̀, torí pé ìyá yín ò mọ A, kò sẹ́ni tó ń jókòó tì yín tó ń pariwo. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ ṣe mọ̀, ẹ gbà á tàbí ẹ kùnà, tísà ló ń rí i. Ìṣirò mélòó ni wọ́n sì ń kọ fún yín lójú pátákó nígbà yẹn? Èmi rántí márùn-ún. Ẹ sì ti délé láago méjì, ẹ ti sùn, ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tiwa, wọ́n kúrò nílé láago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n ṣe lẹ́sìnnì di aago mẹ́rin, ẹ wá ní kí wọ́n tún ṣe ọgbọ̀n ìbéèrè lálẹ́. Ẹgba ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò rí jàre.

Tísà Lẹ́sìnnì, Ìbàdàn:
Ilé mẹ́rin ni mò ń dé lọ́sẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara wa. Àwọn kan nínú wa, ìdáhùn ni wọ́n ń sọ fún ọmọ, ọmọ á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Tí ìyá bá dé tó rí i pé ìwé ò kún, ó máa ní kí la wá ń gba ₦10,000 lóṣù fún. Ìwé kíkún ni wọ́n ń sanwó fún, ìwé kíkún náà ni wọ́n ń rí gbà, ó wá di ìdánwò kí ọmọ ó mú 3 wálé.

Tẹ́ ẹ bá máa gba tísà, ẹ má ní kó wá bá ọmọ ṣe họ́mùwọ̀ọ̀kì. Ẹ ní kó kọ́ ọ ní ohun tí kò yé e ní kíláàsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fọwọ́ bo ìdáhùn kan, ẹ ní kí ọmọ tún un ṣe lójú yín. Ẹni Primary 1 yẹn ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀kan wà tí mò ń kọ́ tó jẹ́ orí itan mi ló máa ń sùn sí, mo ti sọ fún màmá ẹ̀ pé kó má sanwó mọ́.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ má rò pé àwa tá a wà lókè òkun bọ́ nínú ẹ̀ o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé níbí, lọ́dún 1998 ìjọba England gbé ìlànà kan jáde, wọ́n ní ọmọ ọdún 5 sí 7 kó fi nǹkan bíi wákàtí kan ṣe họ́mùwọ̀ọ̀kì lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ o, kì í ṣe lálẹ́! Nígbà tó di 2012 wọ́n fagi lé ìyẹn náà, wọ́n ní kí ọ̀gá sùkúù kọ̀ọ̀kan pinnu tiẹ̀. Ọmọ mi wà ní Year 4 báyìí, ìwé kíkà, sípẹ́lì àti táìmùsì tábìlì ni wọ́n ń fún un, torí wọ́n máa ń ṣe ìdánwò tábìlì ní Year 4 níbí, ìbéèrè 25, sẹ́kọ́ǹdù 6 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi gan-an ò lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti bá mi mu ni "kì í ṣe báyẹn ni Antí ṣe é" yẹn. Ọmọ gbé 23 lọ́nà 4 wá, mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi l'Óṣogbo, mo tò ó lórí ara wọn, mo gbé 1 sórí, 92 ló jáde. Ó ní rárá. Àpótí ni wọ́n ń yà, wọ́n á kọ 20 sí ọ̀kan, 3 sí ìkejì, wọ́n á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́rin, 80 àti 12, wọ́n á wá rò ó pọ̀. 92 náà ni! Oṣù kan la fi jà lórí ohun tí àwa méjèèjì gbà. Mo wá ní kó kọ́ mi ní tiwọn. Ẹ ẹ̀ rí bí inú ẹ̀ ṣe dùn tó pé òun ń kọ́ màmá òun.

Màmá Tísà, Ilé-Ifẹ̀:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kọ́kọ́ bẹ ọmọ yẹn, sọ fún un pé o ò ṣe dáadáa, ìyẹn ò ní kó má bọ̀wọ̀ fún ọ mọ́.

Lẹ́yìn náà, bu ẹ̀wà sínú àwo. Ní kó ka 84, kó o gbé ife mẹ́fà kalẹ̀, kó o panu mọ́. Á kọ́kọ́ máa ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, á sú u, òun fúnra ẹ̀ ló máa ní òun fẹ́ máa fi mẹ́wàá mẹ́wàá sí i. Mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ife mẹ́fà, 60 ti lọ nìyẹn, ó ku 24. Mẹ́rin mẹ́rin, ó tán. Ife kọ̀ọ̀kan, 14. Ohun tí Antí ẹ̀ ń ṣe lójú pátákó náà nìyẹn o. Wọ́n kàn ń yára sọ pé "6 nínú 8, ẹ̀ẹ̀kan, ó ku 2", ọmọ ò sì mọ̀ pé 8 yẹn kì í ṣe 8, 80 ni.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Hẹ̀n-ẹ́n! Mọ̀mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ ṣeun gan-an ni mà. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀kan ṣì kù tó ń tì mí lójú. Wọ́n fún un ní òǹkà Yorùbá, 1 dé 50. Mo dé ogún, mo há.

Màmá Tísà, Ilé-Ifẹ̀:
Ọmọ Yorùbá tó há ní ogún, ó dáa o. Kò le. Láti ọ̀kan dé mẹ́rin, à ń lé e ni: mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Tó o bá ti dé 25, gbàgbé ogún, ọgbọ̀n lò ń wò níwájú, kó o máa dín in: márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Tó bá jẹ́ 45, àádọ́ta lò ń wò, márùndínláàádọ́ta. Ẹ̀wà yẹn náà ni kó o lò. Ọmọ tó bá mọ òǹkà yìí ti ń ṣe àyọkúrò lẹ́nu kó tó mú bíró rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1970, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ohun gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn, wọn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, ìyá àgbà tó wà nílé lọ́sàn-án ni ì bá ti bá a pín 84 yẹn kó o tó dé láti Áílàǹdì.

Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá:
Gbogbo yín lẹ sọ̀rọ̀, ẹnì kankan ò bi bàbá wọn. Ọkùnrin lèmi o, ẹ má bínú kí n dá sí i. Owó sùkúù tó ń san kò dí i lọ́wọ́ àtijókòó. Nílé wa èmi ni mò ń ṣe é torí ìyàwó mi ń ta oúnjẹ, ó máa ń pẹ́ kó tó délé, èmi náà ti pariwo, mo ti na ọmọ, kò sí ohun tó tibẹ̀ jáde. Ìdájí ló gbà mí. Aago mẹ́jọ alẹ́ wọ́n ti sùn, márùn-ún ààbọ̀ mo jí wọn. Ohun tó ń gbà wá ní wákàtí kan lálẹ́, ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà nídàájí, orí ti mọ́. Kí ẹni JSS 1 yẹn sì máa wo ti àbíkẹ́yìn, òun náà á rántí ohun tó ti gbàgbé.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo ti padà. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo lọ bá Antí wọn. Mo ti múra ìjà lọ, kí n má parọ́. Ọmọdébìnrin kékeré kan ni, ọmọ 31 ló wà ní kíláàsì ẹ̀. Ó ní "Mummy, èmi náà ni mò ń máàkì gbogbo ẹ̀ o, mò ń gbé e wọ dáńfó lọ sílé ni." Ó ní ìgbà kan tí òun dín in kù, àwọn òbí kan pe ọ̀gá wọn lórí fóònù pé àwọn ọmọ ò mú nǹkan kan wálé mọ́, kí làwọn ń sanwó fún. Ẹnu mi wọhò. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ èmi o, torí mo rántí pé mo ti sọ irú ẹ̀ rí nígbà tí àgbà wà níbẹ̀.

Ohun tá a jọ fẹnu kò sí ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, aago ni a máa wò, ibi tó bá dé, kí n sáìnì síbẹ̀ kí n kọ "ibí la dé". Kò ní nà án. Ọjọ́ kìíní, 4 nínú 10. Ìwé dọ̀tí, 5 kan wà níbẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn, ọwọ́ ara ẹ̀ ni. Ìdájí yẹn ò ṣeé ṣe fún wa ṣá, mo ti jáde kó tó di márùn-ún ààbọ̀.

Ẹ̀wà ńkọ́? Lánàá a tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú pálọ̀, bàbá wọn ń kọjá lọ mú omi, ó ní kí lẹ ń fi oúnjẹ ṣe nílẹ̀. Ló bá jókòó. Ló bá gba ife lọ́wọ́ ọmọ, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀nà tó yára hàn án. Ọmọ wò ó, ó wò mí, ó ní: "Daddy, kì í ṣe báyẹn ni Antí ṣe é."

Aláṣọ Balógun:
Yéè! Ẹ jọ̀ọ́ kò fọ́ ọ létí?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Rárá o. Ó ní kó ṣe ti Antí fún òun kóun rí i. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sùn.