Lórí «sísẹ́ ọmọ» àti «àyẹ̀wò ìwà»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tá a fẹ́ fún screening tí dókítà ọmọdé máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní «sísẹ́ ọmọ», láti ara asẹ́, ẹlòmíì ní «àyẹ̀wò ìdàgbàsókè àti ìwà». Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú ẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyí, èmi ni mò ń túmọ̀ láàárín dókítà àtàwọn ìyá Yorùbá nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé níbí l'Amẹ́ríkà.

Tá a bá sẹ́ ògì, èérí là ń yọ, ẹran la sì ń dà á fún. Ìyá wo ló máa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sẹ́ ọmọ òun tí ò ní bi ara ẹ̀ pé ṣé èérí lọmọ òun ni?

Ti «ìwà» ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Tí Yorùbá bá ti dárúkọ ìwà, rere tàbí burúkú ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹjọ́ sì ti dé nìyẹn. Mo ti rí ìyá tí wọ́n sọ fún pé wọ́n fẹ́ yẹ ìwà ọmọ ẹ̀ wò, kíá ló fèsì pé «ọmọ mi kì í ṣe àbíìkọ́ o», bẹ́ẹ̀ ọmọ oṣù 18 ló gbé lẹ́sẹ̀! «Ìṣesí» ni mo fọwọ́ sí. Ìṣesí ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bí ọmọ ṣe ń ṣe ni, bó ṣe ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, bó ṣe ń ṣeré, bó ṣe ń sùn.

Ẹ wo M-CHAT-R, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n fi ń wo àmì ọ́tísíìmù (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tó ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn ṣe) lára ọmọ oṣù 16 sí 30. Ìbéèrè 20 ló wà nínú ẹ̀, òbí ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ń béèrè bóyá ọmọ máa ń wo òbí lójú. Tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ ti bà á jẹ́, torí ọmọ tó ń wo àgbà lójú nílé wa, aláfojúdi ni, ìyá á ní rárá, a sì ti kọ máàkì ọ́tísíìmù fún ọmọ tí ò ṣe nǹkan kan. Mo máa ń sọ pé «ṣé ó máa ń gbójú sókè wò yín tẹ́ ẹ bá ń wọṣọ fún un, tẹ́ ẹ bá ń bá a ṣeré?» Ọ̀kan tún ń béèrè eré àfiṣe. Ìyá kan wò mí títí, àfìgbà tí mo ní ṣé ọmọ náà máa ń fi ìrọ̀rí ṣe bí ẹni ń pọnmọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní gèlè òun gan-an ló fi ń dì í!

Screening fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? «Àyẹ̀wò» nìkan ò tó, torí ẹni tó bá gbọ́ àyẹ̀wò ti ń retí èsì, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àìsàn wà tàbí kò sí. Eléyìí ò sọ pé ọmọ ní nǹkan kan o, ó kàn ń sọ pé ó yẹ ká túbọ̀ wò ó dáadáa ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá «àkọ́yẹ̀wò», bí a ṣe ń sọ àkọ́bí àti àkọ́so, ẹni tó gbọ́ àkọ́ á mọ̀ pé òmíràn lè tẹ̀ lé e. Ẹnìkan á ní AAP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé níbí, ní kí wọ́n máa ṣe é lóṣù 9, 18 àti 30, ti ọ́tísíìmù lóṣù 18 àti 24, ṣé àkọ́ lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó lè pọ̀, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣe é, òun ló ń ṣáájú èyí tó jinlẹ̀, tá a lè pè ní «àyẹ̀wò àrídìí». Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, oṣù 9 yẹn náà lẹ máa ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á wúlò fáwọn nọ́ọ̀sì yín náà.

Tí ìdàgbàsókè ọmọ bá ń falẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ «ìdádúró ìdàgbàsókè» mọ́, ó dà bíi pé ọmọ ti dúró síbì kan tí ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ti ní tiwọn, «kò tètè rìn», «ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀».

Ó ku ti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́. Wọ́n kọ «ìpadàsẹ́yìn», ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, àdúrà làwọn èèyàn á kọ́kọ́ gbà sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ gbọọrọ, «ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́», ká sì kọ ọ́ sókè fọ́ọ̀mù pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, torí ìyẹn ò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù kankan, ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí i ni kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá dókítà.