Rọ́bọ́ọ̀tì tó máa yẹ bóòtù ara àpáta wò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rọ́bọ́ọ̀tì àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun àpáta. Mo fẹ́ ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó máa kọ́kọ́ gun àpáta kéèyàn tó gùn ún, kó máa yẹ àwọn bóòtù wò, ìyẹn irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta káwọn tó ń gùn ún lè so okùn wọn mọ́ ọn, torí bóòtù yẹn lẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́, pàápàá ti etí òkun, iyọ̀ lè ti jẹ ẹ́ nínú kó sì máa dán lójú, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an.

Ti gígùn kọ́ ni wàhálà mi. LEMUR, rọ́bọ́ọ̀tì tí NASA ṣe, gun ògiri àpáta ní Death Valley l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, ìwọ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ló fi ń há mọ́ ọn. Ibi tó ti le ni bó ṣe máa mọ̀ pé bóòtù ò dáa mọ́. EN 959, òfin Yúróòpù lórí bóòtù àpáta, ní kó lè gba 25 kN, ìyẹn bí ìgbà tí nǹkan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ bá rọ̀ mọ́ ọn, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré ò lè fa tóyẹn láé, tó bá tiẹ̀ lè fà á, ṣé kò ní ba èyí tó dáa jẹ́ ni? Ṣé kó kàn máa gbá a kó fetí sí ìró ẹ̀ ni, àbí kámẹ́rà ti tó?

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi sílẹ̀, kí n ṣe kámẹ́rà tó máa pariwo téèyàn bá fẹ́ gun ògiri inú jíìmù láì so okùn mọ́ra, torí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé lóòótọ́. Èwo lẹ rò pé kí n kọ́kọ́ dojú kọ?