Gẹ̀ẹ́sì wo ni mo lè fi pe ìyọlẹ́nu kékeré tí kò tó ìjà?

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ilé tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ tí màá lò ni mi ò rí.

Ihò tí wọ́n ń ki lẹ́tà bọ̀ lára ilẹ̀kùn mi, ìdérí ẹ̀ ti dẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ lóru, á máa gbá ara ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: pà, pà, pà. Á dákẹ́ díẹ̀. Ojú mi á ti fẹ́ pa dé báyìí, pà! Ẹni tó ń gbé lókè mi náà tún wà ńbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń kí mi dáadáa tá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Àmọ́ àárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń tan ẹ̀rọ ìfọṣọ. Tí ẹ̀rọ yẹn bá dé ibi tó ti ń yí kíkankíkan láti fún omi kúrò lára aṣọ, ṣe ni ife inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á máa gbọ̀n.

Kò sí èyí tó máa pa mí nínú méjèèjì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé Àdùkẹ́ ń wá ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n kọ ọ́ pé ọkùnrin yẹn ń "harass" mi, pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó dá mi lóhùn. Ara mi ò gbà á. Èwo ni kí n wá lò?

Tísà_Òkè-Àdó

Àdùkẹ́ ọmọ mi, má gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹ lórí èyí. "Harass" kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílùú tó o wà yẹn. Òfin wà fún un látọdún 1997, ó sì lè sọ èèyàn di ọ̀daràn. Ẹni tó ń fọ aṣọ ara ẹ̀!

"Nuisance" náà, fara balẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ lẹ́nu lásán, kò le, ọmọ aláriwo náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá wọnú ìwé ẹ̀sùn, tí ọ̀rọ̀ ariwo sì wà níbẹ̀, òfin àyíká wọn ti ọdún 1990 mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n á fún onítọ̀hún níwèé pé kó dáwọ́ dúró. Fìyẹn pa mọ́ de ẹni tó bá ń fi orin dá ilé rú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

"Niggle" lo ń wá. Nǹkan kékeré tí kò dáni dúró, tí kò sì jẹ́ kára rọni. Lò ó fún ti ilẹ̀kùn. Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, má kọ ọ́ rárá. Bá a sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ ti ń kíra yín.

Ọmọ_Mushin

Niggle kẹ̀! Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ ò rí i tí agbábọ́ọ̀lù á máa fọwọ́ ra itan, tí wọ́n á bi kóòṣì léèrè, táá ní "just a little niggle"? Kò tíì farapa, ara ẹ̀ ò sì dá. Ẹ yáa yọ ọ́ kúrò nínú fantasy yín, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń yàn fúnra yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́sẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n fi ti "disturb" kún un, torí ó ń kó bá àwọn èèyàn wa. Nílé, ọmọ tó bá ń fa ìró wa là ń sọ fún pé "stop disturbing me." Níbí, tó o bá ní nǹkan kan "disturbing", wọ́n á rò pé ohun tó bani lẹ́rù lo rí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa kọ ọ́ sínú ìwé tá a fi ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ pé ìwà bàbá kan ní wọ́ọ̀dù "disturbing" lóru. Bàbá yẹn kàn ń tẹ aago ni, ó ń béèrè tíì. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá ti ń bi wá bóyá ó lu ẹnikẹ́ni.

"Vex" tá a fi ń bẹ ara wa l'Ékòó, bí ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ ló ṣe ń dún létí àwọn àgbà wọn. Ohun tó bá kàn ń yọni lẹ́nu díẹ̀, "a bit of a pain" ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwa. Kí wọ́n máa dá ẹ lọ dá ẹ bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, "faff" nìyẹn (èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an). Èyí tó ń bí ìwọ nìkan nínú, bíi kí wọ́n ti ṣíbí tútù bọnú ṣúgà, "pet hate" ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń pè é ní "pet peeve".

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Gbogbo yín, ẹ ṣeun. Mo kọ "a small niggle with the letterbox", wọ́n sì ti dáhùn pé ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ti òkè, mi ò tíì pàdé ẹ̀.

Èyí kẹ́yìn: ọ̀gá mi ní òun "a bit miffed" torí mi ò tíì fi fọ́ọ̀mù ìsinmi mi ránṣẹ́. Ṣé kékeré nìyẹn náà?

Nọ́ọ̀sì_Manchester

Ọ̀rẹ́ mi, inú ń bí i. "A bit" yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò kó o tó wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.