Mo fẹ́ máa kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sílẹ̀, àmọ́ ó ń nira fún mi

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìbínú àti ẹkún kì í jìnnà sí mi, ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ. Mo wá ra ìwé kékeré kan pé kí n máa kọ bó ṣe ń ṣe mí sínú ẹ̀ ní alaalẹ́.

Mo kà á pé ní 1986, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, James Pennebaker, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ 4. Ọkàn wọn kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá hàn pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ rí dókítà mọ́ bíi tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tí kò kọ nípa irú ohun bẹ́ẹ̀.

Èmi ò tiẹ̀ kọ ju alẹ́ mẹ́ta lọ. Lálẹ́ kẹta, omijé rẹ ìwé náà, oorun ò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mi ò tíì ṣí i.

Ẹ̀yin tó ti ń ṣe é tipẹ́, ṣé òwúrọ̀ ló dáa ni àbí alẹ́? Bí ọkàn bá gbóná lẹ́nu ìwé kíkọ, ṣé kí n dúró ni àbí kí n kọ ọ́ tán? Ẹ̀rù tún ń bà mí kí ará ilé má lọ kà á. Tí mo bá ń fà á ya lẹ́yìn tí mo bá kọ ọ́ tán, ṣé ó ṣì máa ṣiṣẹ́? Mi ò fẹ́ pa á tì rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.