Hẹ́dífóònù tó gba gbogbo orin: ẹ wá sọ ohun tí etí yín ti gbọ́

Olóhùn Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé hẹ́dífóònù wo lèèyàn lè rà tó máa gba jùjú, tó máa gba fújì, tó máa gba híìmù, tí kò sì ní ba orin àwọn ọmọ ìwòyí jẹ́. Mi ò lè dárúkọ ọ̀kan kí n ní òun ni ti gbogbo ayé. Bí mo ṣe yan tèmi ni mo lè sọ, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Lọ́kọ́ja ni mo ti rà á. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti to orin sórí fóònù: jùjú àtijọ́ kan tí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, fújì kan, híìmù tí ẹgbẹ́ akọrin wa kọ tí èmi fúnra mi gbà sílẹ̀, àti ọ̀kan nínú àwọn orin tuntun tí béèsì wọn máa ń mi fèrèsé. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ látòkèdélẹ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín o. Orin tó máa tajà ló máa fi sí i.

Èyí tó kọ́kọ́ gbé fún mi, wọ́n kọ BASS gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo fi orin tuntun yẹn sí i, ó dùn, kí n má parọ́. Àgbọ̀n mi ń gbọ̀n. Ni mo bá yí i sí fújì. Gángan kan wà nínú orin yẹn tó ń ki ènìyàn, mo mọ gbogbo ohun tó ń sọ, mo lè máa sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nínú hẹ́dífóònù yìí, mo kàn ń gbọ́ pé wọ́n ń lu nǹkan ni. Béèsì ti bo ọ̀rọ̀ ẹnu ìlù mọ́lẹ̀. Dò ń ró gìdìgìdì, re kò ṣe é dá mọ̀, mí ti sá lọ. Gángan tí kò sọ̀rọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo bọ́ ọ, mo dá a padà sínú páálí.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá kéré, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Etí ọmọ ènìyàn ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá sì pọ̀ jù máa ń bo èyí tó wà lókè rẹ̀. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ló ń ró. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ gbé e sókè kọjá bó ṣe yẹ, orin tó jẹ́ pé béèsì ni ẹ̀mí rẹ̀ máa dùn, ìyókù máa jìyà. Ẹ má sì jẹ́ kí "20–20,000 Hz" tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọn kì í kọ ọ́ sí. Kò sọ apá ibi tí wọ́n gbé sókè fún yín.

Ìkejì tún wá gbẹ jù. Nínú híìmù, sopránò ń dán, áàtò wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ọkùnrin tó ń gbé béèsì ńkọ́? Àfi bíi pé wọn ò wá sí ìdánrawò lọ́jọ́ náà.

Èyí tí mo mú wálé, tòkunbọ̀ ni: Sony MDR-7506, èyí tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1991 tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ṣì ń lò dòní, olókùn lílọ́ bí irun tí wọ́n dì. Mo fi jùjú sí i. Àwọn gìtá ń dá ara wọn lóhùn, kálukú wà láyè tirẹ̀, gìtá onírin irú èyí tí King Sunny Adé mú wọnú jùjú sì ń fà tìrẹ lọ lẹ́yìn wọn. Gángan sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo padà sórí orin tuntun yẹn, àgbọ̀n mi ò gbọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n mo lè fi ẹnu kọ ohun tí béèsì ń tẹ̀, èyí tí mi ò lè ṣe pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ọlọ́jà ní ṣé ó dá mi lójú pé èyí ni mo fẹ́, torí ti àkọ́kọ́ tuntun ni, ó sì ń tàn yanran.

Ó yá, ta ló kàn?

Àǹtí Aránṣọ, Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Ohùn lẹ̀yin ń wí, èmi ń wí nípa orí àti etí. Ìdí máṣíìnì ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, hẹ́dífóònù sì wà lórí mi. Awọ tí wọ́n fi bo tìmùtìmù rẹ̀ kì í ṣe awọ gidi. Òógùn jẹ ẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó wẹ́wẹ́, dúdú dúdú ń lẹ̀ mọ́ mi létí, ìgbà tó sì yá, ọ̀kan bọ́ sórí léèsì funfun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Mo fi ọwọ́ ṣà á kúrò, mi ò jẹ́ fọwọ́ pa á.

Mo ti ra tìmùtìmù aláṣọ múlọ́múlọ́ báyìí, òun ò gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn pé ó mú díẹ̀ kúrò nínú béèsì, torí aṣọ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, awọ ń sé e mọ́. Fún èmi tó jẹ́ pé orin ẹ̀mí àti jùjú ni mo ń gbọ́ jù, kò dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ràn béèsì, kó wá awọ míì tó dáa. Kẹ́ ẹ sì tó ra hẹ́dífóònù rárá, ẹ wò ó bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ṣe é bọ́ kúrò, kí gbogbo rẹ̀ má baà di ohun tí ẹ máa dà nù nítorí awọ lásán.

Ohun tí ò tíì yé mi ni bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú gèlè. Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ.

Ọmọ Yàgbà, Lọ́kọ́ja

Àǹtí, pẹ̀lú gèlè, íápíìsì ni o, kò sí oògùn míì.

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Aláìlókùn ni mò ń lò, èyí tó máa ń pa ariwo ìta. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn ilé, ìkùnsínú rẹ̀ tó dọ́gba yẹn ló mọ̀ ọ́n pa jù. Kò lè pa ẹnu àwọn tá a jọ ń gbé yàrá. Ìyẹn ni pé fún orin tó rọra ń lọ, ó dára gan-an, torí n kì í ní láti yí i sókè bá jẹnẹrétọ̀ díje.

Àmọ́ mo máa ń tẹ dùùrù. Ohùn tó bá gba Bluetooth kọjá máa ń pẹ́ kó tó débi etí, ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń gbọ́ orin lásán ò ní mọ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ló máa rí i: mo tẹ bọ́tìnì, ìka mi ti dé ibòmíì, ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní olókùn kan lápò fún ìdánrawò. Ẹni tó bá máa lu nǹkan tàbí tó máa kọrin sí i, olókùn ni kó rà.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú ọpọlọ. Ọmọ mi tó wà ní Jámánì fi Beyerdynamic DT 770 Pro ránṣẹ́ sí mi. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Heilbronn. Mo ti okùn rẹ̀ bọ fóònù, mo yí i dé òpin, ohùn kò tó nǹkan. Ọmọ-ọmọ mi ló mú un lọ sídìí míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì ECWA tiwa, ló bá ké jáde pé bàbá, ẹ wá gbọ́! Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin híìmù dá dúró, o lè nawọ́ sí ẹni tó ń kọ tẹ́nọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é sí: 32 ohm, 80 ohm àti 250 ohm. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó ń wọ inú rẹ̀. Ti 250 ni tèmi, agbára tó fẹ́ ju ti fóònù lọ. Ti 32 ló bá fóònù mu. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ o, nọ́ńbà kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Nǹkan kan sì tún wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn má kọjá 80 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó bá sì ti ga sí i ni kí wákàtí náà máa dín kù. Etí mi òsì ti ń kùn fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí ìbọn ọdẹ, ẹ má jẹ́ kí tiyín kùn nítorí béèsì.

Olóhùn Kàbà

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má tà á o! Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ìdí fóònù, tó ń fún un lágbára, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo ní ọ̀kan nílé. Tí mo bá ń bọ̀ lápá Ẹ̀gbẹ̀, mo máa mú un dání kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò kẹ́ ẹ tó náwó.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

O ṣeun, ọmọ mi. Fi fújì rẹ yẹn sínú fóònù wá o, mo fẹ́ mọ ẹni tí gángan ọ̀hún ń kì.