Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo sì ń lo oògùn HIV: ṣé kí n dá ọ̀kan dúró ni?

Ìyá Elélùbọ́, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí oògùn HIV, n kì í fò ó. Wọ́n ní kòkòrò náà ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Àmọ́ nígbà tí mo lọ gba oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì wé ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ó tún un wé mọ́ apá kejì: 158 lórí 98. Ó ní kí n padà wá kí wọ́n tún un wò. Ẹni ọdún 49 ni mí. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí oògùn HIV mi sí TLD, hóró kan tó ní oògùn mẹ́ta nínú, ni mo sì ti ń sanra, àwọn oníbàárà mi ní Bódìjà ní ara mi ń dán. Alábàágbé mi kan tó mọ àṣírí mi ní oògùn HIV ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè, pé kí n fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, kí n máa mu àgbo. Ẹ̀rù ń bà mí. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì:
Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn yẹn sílẹ̀ o. Ẹ dúró gbọ́ ti nọ́ọ̀sì wa.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ti alábàágbé yín ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá. Wọ́n ti dán dídá oògùn dúró wò rí lábẹ́ ìtọ́jú dókítà, nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SMART, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Èèyàn 5,472 ló kópa, láti orílẹ̀-èdè 33. Àwọn kan ń lò ó lọ láìdáwọ́ dúró, àwọn yòókù ń dá a dúró bí sójà ara wọn bá ti pọ̀ tó. Àárín àwọn tó ń dá a dúró ni ikú ti pọ̀ jù, àìsàn ọkàn náà sì pọ̀ sí i láàárín wọn. Wọ́n tètè fòpin sí i.

Kòkòrò yìí kì í jẹ́ kí ara sinmi, kódà bí ẹ̀rọ ò bá rí i mọ́. Àwọn sójà ara ò sùn, ìjà abẹ́lẹ̀ yẹn sì ń ha iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú títí ọ̀rá á fi ríbi lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewu àìsàn ọkàn fún ẹni tó ní HIV fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in. Bí ẹ bá wá fi oògùn sílẹ̀, ìjà náà á le sí i.

Ní ti sísanra, òótọ́ ni. Dolutegravir inú TLD máa ń mú àwọn kan sanra, pàápàá àwa obìnrin adúláwọ̀. Ara tó ń wúwo sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, ẹ má fúnra yín yí oògùn padà.

Bí ẹ bá padà lọ, ẹ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wé apá yín. Kí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Tó bá ṣì wà ní 140 lórí 90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oògùn rẹ̀ sì wà. Amlodipine tí wọ́n sábà máa ń kọ fún èèyàn kì í bá TLD jà.

Apòògùn Peckham:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Àmọ́ ẹni tó bá wà lórí oògùn HIV tó ní ritonavir nínú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gba amlodipine, torí ritonavir máa ń jẹ́ kí amlodipine pọ̀ jù lára. Simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ní tirẹ̀, wọn kì í lò ó pọ̀ mọ́ ritonavir rárá.

Ẹ tún béèrè nípa àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, mà. Ní 2023, ìwádìí REPRIEVE jáde: èèyàn 7,769 tó ní HIV, ọmọ 40 sí 75 ọdún, títí kan àwọn ará Uganda àti South Africa. Láàárín àwọn tó lo pitavastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, lójoojúmọ́, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn tí kò lò ó. Ọjọ́ orí yín wà níbẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́:
Ọlọ́run á bù kún yín. Tí wọ́n bá ní kí n lọ sí ọsibítù mìíràn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé dandan ni kí n sọ HIV mi fún dókítà ibẹ̀? Ojú ń tì mí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí ẹ ti ń gba oògùn bóyá wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di ibòmíràn, ẹ sọ fún dókítà náà, kó má baà kọ oògùn tó máa bá tiyín jà. Láti 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí HIV.

Ìyá Tolú:
Mà, ẹ wo magí yín o! Ṣíbí tíì kan ni gbogbo iyọ̀ òòjọ́, ti inú magí wà nínú rẹ̀. Irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí ni mo ń lò sí ewédú báyìí.

Ìyá Elélùbọ́:
Mo ti gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni màá padà lọ. Diclofenac tí mo ń lò fún orúnkún ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ìyẹn gan-an ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè mà, àtòun àti tenofovir inú TLD sì lè pa kíndìnrín lára. Ẹ dá a dúró ná títí ẹ ó fi rí dókítà. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, títí kan ìgò àgbo, kí ẹ gbé e dání lọ́jọ́ Ẹtì.